Géètì Méjì àti Àga Rọ́bà Kan

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Oǹdó, mo sá kúrò ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, eré náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi kò fi lè bá mi. Inú kíláàsì ló kù sí. Ó jókòó sí àyè mi lórí bẹ́ǹṣì fún odidi sáà méjì, bí tíṣà bá sì pe orúkọ mi, òun ló ń dáhùn pé, "Mo wà ńbí, sà." Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, ipò kẹta ló gbà. Èmi tí mo ni ín wà lóko kòkó ní tèmi, mo ń lá kóró kòkó tútù, oòrùn ń wá òjìji mi kiri kò rí i, àfi ìgbà tí sáà kejì parí tó wá bá mi.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, àwọn tó kù kò sì rántí ohun tí wọ́n jẹ lánàá, nítorí náà kò sí ẹni tó máa ta kò mí.

Ìtàn yìí ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi láti kékeré, òun náà ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí rẹ̀, tí àwàdà mi kò ní lè dáhùn.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ akérò láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà náà tí kò mọ̀ mí. Ìsinsìnyí, mo jókòó sílé ní Oǹdó, mo ń jẹ iṣu, mo ń bá rédíò jiyàn. Ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin ti pè mí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Àkúrẹ́, àdúgbò Ìjàpọ̀ ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, wà níbi iṣẹ́ ní Àbújá; inú fóònù ló ti ń ṣe bàbá.

"Bàámi, ẹ bá mi wá sí Àkúrẹ́. Ọmọ yín kò lọ sí ilé-ìwé mọ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí àgbà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé."

"Kí ló ní ó ń ṣe òun?"

"Inú ni. Láràárọ̀ ni inú ń run ún."

"Kí ló dé tí o ò gbé e lọ sí ọsibítù?"

"Ọsibítù mẹ́ta, Bàámi! Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ títí. Wọn ò rí nǹkan kan."

Èyí tí ó ń sọ yìí ni àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún méjìlá, tó wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì. Èmi àti òun mọwọ́ ara wa. Bàbá Oǹdó ló ń pè mí. Èmi ń pè é ní Ìyá Àgbà, nítorí láti ìgbà tó ti ń rákò ló ti ń wo èèyàn bí ẹni tó ti gbé ayé rí.

Mo dé Àkúrẹ́ lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó bi mí bóyá òjìji mi ló wà nínú rẹ̀ tó fi wúwo báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ká a mọ́ ṣòkòtò. A rẹ́rìn-ín. Mo wo ìyá rẹ̀: ṣé aláìsàn tí o ní kí n tìtorí rẹ̀ wá nìyí?

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo tó rí i. Ní aago mẹ́fà ó ti wẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó jókòó láti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Kí ti òsì tó wọlé, ó di ikùn mú. Òógùn bò ó níwájú orí, ó sáré wọ balùwẹ̀, ó bì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ojú lára aago. "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́. Tòní nìkan. Mo ní ìpàdé ní aago mẹ́jọ." Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, tí kò sí ẹni tó tún lè gbé e lọ mọ́, inú ti dẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì, ó jókòó ti ìwé ìṣirò, ó ń dá a ṣe láìsí ẹni tó rán an.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Túsìdeè, bẹ́ẹ̀ náà ni títí di Fúráìdeè. Nígbà tó di Sátidé, ara rẹ̀ yá gágá. Ó jẹ iṣu tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo ní irú àìsàn wo ló máa ń wo kàlẹ́ńdà kó tó dé?

Ẹ ò mọ bí gbogbo wọn ṣe sú mi tó. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ta òróró sí i lórí títí irun rẹ̀ fi ń dán bí ẹja díndín. Bàbá rẹ̀ pè láti Àbújá, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ṣé ó fẹ́ di aláìwúlò ni, ọmọ náà gbé fóònù jìnnà sí etí, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ẹni ń ka lítánì. Àwọn ilé-ìwé ní tiwọn, àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ pé ọmọ yín kò wá lónìí. A mọ̀! Òun ló jókòó níwájú wa yìí!

Ni mo bá ní kí gbogbo wọn yàgò. Mo ní mo mọ oògùn rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé láyé ìgbà tiwa yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọmọ kan bá ń sá, ọ̀gá ilé-ìwé yóò yan àwọn géńdé mẹ́rin láti kíláàsì kẹfà. Wọ́n á lọ ká a mọ́ ilé, ẹni méjì á mú ọwọ́, ẹni méjì á mú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e gba àárín ìlú kọjá bí ẹran ìgbẹ́, orin á máa lọ, gbogbo ayé á jáde wá wòran. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹni tí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún ní sá mọ́ láyé.

"Bàámi, ọmọbìnrin ni o."

"Ìdí nìyẹn tí a ó fi lo àga."

Ó wo aago. Ó ti pẹ́ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ ṣáà ṣe é jẹ́jẹ́."

Mo kó ènìyàn mẹ́rin jọ ní Mọ́ńdè: ẹni tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò, ọlọ́kadà kan tó máa ń dúró ní oríta, àti bíríkìlà méjì tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A gbé ọmọ náà lórí àga rọ́bà funfun tó wà ní fàráǹdà, tòun ti yunifọ́ọ̀mù, bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ulé-ùwé náà lẹ fẹ́ ká gbé e lọ báyìí? Ṣé kì í ṣe ẹjọ́ la ń wá?"

"Ẹjọ́ kí ni? Ọmọ ọmọ mi ni. Gbé e!"

"Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kadà gbé e, á yá jù."

"Ṣé orin ni ọ̀kadà máa kọ ni? Mo ní kí o gbé e!"

Wọ́n gbé e. Mo bọ́ síwájú, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń lé orin àtijọ́ náà:

*Ìsáǹsá dé, ẹ wá wò ó,*
*Ilé-ìwé ló ń lọ,*
*Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọ̀, kò gbé e,*
*Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ń gbé e lọ.*

Àwọn bíríkìlà mọ orin, wọ́n gbè é dáadáa. Àwọn èèyàn yọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa. Obìnrin kan yọ fóònù, ó ń ká wa sílẹ̀. Mo yí ojú padà wo ọmọ náà, mo rò pé yóò máa bínú, tàbí kó ti máa rẹ́rìn-ín. Kò ṣe ìkankan. Ó di apá àga mú, ojú rẹ̀ dúró sójú kan, kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a dé oríta, ọlọ́kadà dúró gbọn-in.

"Bàbá. Ẹ dá orin yẹn dúró. Omi ń kán sí mi lọ́rùn."

Mo wo abẹ́ àga. Mo wo omi náà. Orin kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ irú omi bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Ìyá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa bẹ́ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ dojú kọ obìnrin tó ń fi fóònù ká wa, ó ní kó pa á rẹ́ níṣojú òun, tí kò bá fẹ́ kí òun fọ́ fóònù náà mọ́ ọn lórí. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà nídìí, ó gbé e sínú ọkọ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàámi. Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́."

Ó sàn kó bú mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ̀. Eékún méjèèjì á kanlẹ̀, orí á tẹ̀ ba, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní ṣí. Ẹ wá bá mi wo irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀ kí ọ, o ò gbọ́ nǹkan kan. Ó lé ní oṣù kan tó fi ṣe é. Yunifọ́ọ̀mù gan-an, kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé obìnrin kan wà ní ọsibítù, agbani-nímọ̀ràn tó ń rí sí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀ka tí obìnrin náà wà, mo fò dìde.

"Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ? Ṣé wèrè ni ọmọ mi ni? O fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí wa láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó?"

Ọmọ mi ń fi òkúta lọ ata ní tirẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àga yín ńkọ́, Bàámi? Ó wò ó sàn?"

Mo jókòó.

Agbani-nímọ̀ràn náà kéré. Mo ń retí ìyá arúgbó onígíláàsì, ọmọ Òkìtìpupa kan tí kò ì tíì pé ogójì ọdún ni mo bá, tó ń fẹ́ tíì rẹ̀ lọ́wọ́. Òun àti ọmọ náà kọ́kọ́ dá wà fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó pè wá wọlé. Ó ní ọmọ wa kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í purọ́. Ó ní inú tó ń run ún, ó ń run ún lóòótọ́. Ẹ̀rù ló wọ inú lọ jókòó.

Mo ní, "Ẹ̀rù kí ni? Ta ló lù ú?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Nígbà mìíràn kì í sí ẹni tó lu ọmọ. Nígbà mìíràn ọmọ náà kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò sọ ọ́ nígbà tó bá tó àkókò. Ẹ má fà á yọ." Ó gbé bírò. "Nínú ìdílé yín, ṣé ẹnìkan wà tó ti ṣe irú èyí rí?"

Kí ọmọ mi tó lanu, mo ti dáhùn. "Kò sí o! Ìdílé tiwa yìí? Ìwé la fi ń jẹ iṣu."

Ó wò mí díẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ya àtẹ̀gùn kan sórí ìwé, ó ní bí ọmọ náà yóò ṣe gùn ún padà nìyẹn, ìpele kan, ìpele kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó kàn wọ yunifọ́ọ̀mù nínú ilé, kó jókòó, kó bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kó rìn dé oríta, kó padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu géètì ilé-ìwé, láì wọlé. Bí ó bá ti lè dúró níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò já mọ́, kó wọlé fún ẹ̀kọ́ kan péré, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, kó sì jáde.

Mo ní, "Màdáámù, kí ni ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń ṣe nílé? Kí àtẹ̀gùn yín yìí tó parí, ẹni tó bá gbin kòkó lónìí á ti ká a."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ó máa bá a lọ, sà. Màmá ń lọ síbi iṣẹ́."

"Èmi? Kò bá mi sọ̀rọ̀!"

"Kò burú. Ẹ máa bá a rìn."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó ti ọmọ oníyunifọ́ọ̀mù ní pálọ̀ láàárọ̀, tí àwa méjèèjì ń wo ògiri. A rìn dé oríta, a padà. Àwọn bíríkìlà rí wa, wọ́n wolẹ̀.

Àwọn ilé-ìwé ní tiwọn ní kò sí ohun tó ń jẹ́ lẹ́yìn àsẹ́ńbílì. Igbákejì ọ̀gá, ìyá kan báyìí, ní gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà, òfin ni. Mo fi lẹ́tà agbani-nímọ̀ràn hàn án. Ó ní òun ti kà á, òfin ni. Mo bá fa àga, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí mo ṣe wa ọkọ̀ dé Ìjàrẹ́ lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Mo dé ibi tí ẹfọ̀n kan ti ń bá wa tì í gun gẹ̀rẹ̀gẹ́rẹ́ nígbà tí ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sórí.

"Bàbá, ẹ mú ọmọ náà gba ọ̀nà ilé ìdáná wọlé nígbàkígbà tó bá wù yín. Ẹ ṣáà dìde."

Kò sí ìwé tí mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń sú èèyàn.

Ìpele ẹnu géètì ni a há sí. Igi furúùtù kan wà ní òdìkejì títì, abẹ́ rẹ̀ ni a ń jókòó sí. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹfà. Bí aago ilé-ìwé bá ti lù, ọmọ náà á di gbòǹgbò igi mú. Mo fẹ́ sọ pé, ọmọ yìí, dìde, géètì lásán ni, irin ni, kò ní ẹnu. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Sùúrù kì í ṣe iṣẹ́ mi. Èmi tí mo máa ń fi fèrè lé ewúrẹ́ kúrò lójú títì láti máìlì kan.

Ní ọjọ́ keje, ẹnu ń yún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ ìtàn òjìji fún ara mi. Mo ti dé ibi tó ti gba ipò kẹta.

"Bàbá Oǹdó."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí gbòǹgbò.

"Ìyá Àgbà mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò padà?"

"Padà síbo?"

"Ilé-ìwé. Òjìji yín padà wá bá yín. Ẹ̀yin ò padà. Kí ló dé?"

Ìbéèrè náà nìyẹn. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún ó lé tí mo ti ń sọ ìtàn yẹn, kò sí ẹni tó bi mí rí. Mo ní oko kòkó dùn ni. Mo ní mo ti gbọ́n jù wọ́n lọ. Ó wò mí, ó tún panu mọ́. Ní ọjọ́ kejì kò lè kúrò nílé rárá.

Mo lọ sí Oǹdó láti lọ wo ilé mi, inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn. Ní Sọ́ńdè mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo yà gba ẹ̀yìn ọjà bí mo ṣe máa ń yà. Mo rìn díẹ̀, mo dúró. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tààrà, iwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi ló gbà kọjá. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀, n kò gba ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ pàápàá, bí èrò bá ní òun fẹ́ sọ̀ níbẹ̀, màá já a sílẹ̀ ní òpópónà kejì, màá ní ọlọ́pàá wà níwájú. Arúgbó tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, ó ń sá fún ògiri àti páánù!

Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, mo bá ọmọ náà ní fàráǹdà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò lè jókòó sórí àga rọ́bà yẹn mọ́.

Mo ní, "O bi mí ní ìbéèrè."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní inú mi náà máa ń run mí láràárọ̀ ní kíláàsì kẹrin, títí di òní olónìí n kò mọ ohun tó fà á. Mo ní n kò sá lọ sí oko kòkó tó jìnnà. Abẹ́ ibùsùn ìyá mi ni mo sá sí. Mo ní àwọn géńdé mẹ́rin wá fà mí jáde níbẹ̀, wọ́n gbé mi kọrin la àárín ìlú kọjá, nígbà tí wọ́n sì máa gbé mi kalẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo ti tọ̀ sára. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíṣà gan-an fi rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì bàbá mi fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ onílọ́rì kan. Ó parí.

Ó yí ojú sí mi.

"Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ wá fi ṣe mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Mo ti sọ ìtàn òjìji títí, mo ti gbàgbé pé èmi ni wọ́n gbé. Má bínú sí mi, Ìyá Àgbà. Ohun tí mo ṣe kò dáa."

Ìgbà náà ló sọ tirẹ̀. Ó ní wọ́n pe òun láti ka Bíbélì ní àsẹ́ńbílì. Ó ní òun ṣí ìwé, òun rí ọ̀rọ̀ náà, ohùn kò jáde. Ó ní òun dúró síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tíṣà kan sì ní lọ́jọ́ mìíràn kó jẹun kó tó wá. Ó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọsibítù mẹ́ta àti òróró tó tó fi dín àkàrà, nítorí ẹsẹ Bíbélì kan!

Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́. Mo ní, "Ó dùn ọ́."

Ó nu imú. Ó ní, "Tí ẹ bá wọ inú ilé-ìwé tiyín, màá wọ inú tèmi."

Ní Tọ́sìdeè, a wọ táksí, ó di Oǹdó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wọ yunifọ́ọ̀mù. A dé ẹnu géètì ilé-ìwé mi, àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì. Ẹsẹ̀ mi dúró.

Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú, ó fi ohùn agbani-nímọ̀ràn sọ̀rọ̀. "Ẹ má kánjú, sà. Ẹnu géètì nìkan, kò burú."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mí kanlẹ̀, mo wọlé. Mo la pápá àsẹ́ńbílì kọjá bí ọba, mo dé kíláàsì kẹrin, mo gbé ọwọ́ lé fèrèsé tí mo máa ń jókòó tì. Tíṣà rò pé àlejò láti ìjọba ni mí, ó ní kí àwọn ọmọ dìde kí mi. Ìyá Àgbà dúró sí ẹnu géètì, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní Mọ́ńdè, ó sọdá títì kúrò lábẹ́ igi furúùtù. Ó gba ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọ kíláàsì ìṣirò, ó jáde lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó ní, "Mo ṣe é." Ní Túsìdeè kò lè lọ, ó bì. Ní Wẹ́sìdeè ó lọ, ó sì ṣe ẹ̀kọ́ méjì. Bó ṣe rí nìyẹn, títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ ní ọjọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kò ì tíì dúró ní àsẹ́ńbílì. Bàbá rẹ̀ ṣì ń pè láti Àbújá pé ìgbà wo ni gbogbo eré yìí máa parí. Mo ní kó wá jókòó sábẹ́ igi furúùtù kó wá bi géètì.

Ìyá Àgbà ti ka ibi tí mo kọ ọ́ dé yìí. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó da èèpo rẹ̀ sórí ìwé mi.

"Bàbá Oǹdó, ẹ ò kọ òótọ́ tán."

"Ti òjìji? Ta ni kò mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe ti òjìji."

Ó dáa. Ti òjìji, kò sí ìdí tí mo fi ń jẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ gbà gbọ́ ni irọ́. N kò wọ inú ilé-ìwé náà ní Oǹdó. Ẹnu géètì ni mo dúró sí, mo di irin mú, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Èmi ni mo wà níta. Òun ló wọlé. Òun nìkan ló la pápá náà kọjá, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ń yọjú wò ó. Ó dé fèrèsé tí mo nàka sí, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì padà wá mú mi lọ sílé.